Ògbufọ̀ Tó Túmọ̀ Ẹ̀ṣẹ̀ Ara Rẹ̀

Bàbá bàbá mi, Sànúsí, tí gbogbo ìlú Pobẹ̀ ń pè ní Bàbá Ògbufọ̀, ti dákẹ́. Àwọn Faransé ṣì ń ṣàkóso ilẹ̀ Dàhòmì nígbà tó lọ, a sì sin ín sí àgbàlá ilé wọn ní Sakété. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo dàgbà sí, ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi ń bi mí pé irú ènìyàn wo ni. N kò lè to ayé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èyí tí mo fojú rí ni n óò sọ, pẹ̀lú èyí tí Ìyá wa, ìyàwó rẹ̀, sọ fún mi, àti èyí tí mo gbọ́ lẹ́nu obìnrin kan tó ń jẹ́ Àìná, ẹni tí ọ̀ràn tí mo fẹ́ sọ yìí kàn gbọ̀ngbọ̀n.

Ènìyàn gígùn tó tínrín ni Bàbá. Bó bá jókòó, orúnkún rẹ̀ a fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kéré, kò sì bá ara rẹ̀ mu rárá, bí ẹni pé ó yá a lọ́wọ́ ọmọdé.

Ọ̀rọ̀ bíbá a sọ máa ń rẹ ènìyàn. Bí o bá ń sọ̀rọ̀, yóò tẹjú mọ́ ẹnu rẹ títí o fi parí. Lẹ́yìn náà yóò tún ohun tí o wí sọ fún ọ láìyọ ẹyọ kan, yóò wá béèrè pé, "Ṣé bí o ti wí i nìyẹn?" Àfi tí o bá dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, kó tó fèsì. Ìyá wa kò fẹ́ràn àṣà yìí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ó sọ fún un pé iyọ̀ ti ń tán, kí ó rántí rà á bọ̀ láti ọjà.

Bàbá ní, "O ní iyọ̀ ti ń tán, o sì ní kí n rà á bọ̀. Ṣé bí o ti wí i nìyẹn?"

"Bàbá Rájí, ṣé ilé ẹjọ́ la wà ni?"

"Kò sí ẹjọ́ níbẹ̀," ni ó wí, ó sì ń wá bàtà rẹ̀. "Ọ̀rọ̀ tí a kò gbọ́ tán ni í padà wá di ẹjọ́."

Bí ọdún Iléyá bá dé, kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn pín ẹran. Òun ni yóò mú ọ̀bẹ, yóò ká aṣọ rẹ̀ sókè, yóò sì pín in fún gbogbo àwa ọmọ ilé lọ́gbọọgba. Lọ́dún kan, Lásísì, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, wo ẹran tirẹ̀, ó wo tèmi, ojú rẹ̀ sì korò.

"Bàbá, ọkùnrin ni mí. Kò yẹ kí ẹran tèmi àti ti Àbẹ̀kẹ́ dọ́gba."

Bàbá kò jágbe mọ́ ọn. Ó bi í pé, "Ta ló pọn omi tí a fi fọ ẹran yìí?"

"Àbẹ̀kẹ́ ni."

"Ta ló di ẹran mú nígbà tí a ń pa á?"

"Èmi ni."

"Ta ni ebi ń pa nínú yín?"

Lásísì wo ilẹ̀. "Ebi ń pa gbogbo wa."

"Ó dáa. Ebi ni mo ń pín ẹran fún. N kò pín in fún fìlà, n kò sì pín in fún gèlè."

Nígbà tí mo mọ̀ ọ́n dáadáa, garí àti àgbàdo ló ń tà ní ọjà Sakété. Ọkùnrin tó ń ta garí kò wọ́pọ̀, àwọn obìnrin ọjà sì kọ́kọ́ fi í ṣe ẹ̀fẹ̀. Ní ọjọ́ ọjà kan, obìnrin kan wá láti abúlé Aguidi, ó pọn ọmọ, erùpẹ̀ ọ̀nà sì kún ẹsẹ̀ rẹ̀ dé ojúgun. Bàbá ti ń wọn garí fún un nígbà tí akọ̀wé kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kòmáńdà, òyìnbó tó ń ṣàkóso àgbègbè wa, dé, tó na àpò rẹ̀ kọjá lórí obìnrin náà.

"Bàbá, ẹ kọ́kọ́ dá mi lóhùn. Ọ̀gá ń dúró dè mí."

Bàbá ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Màá dá yín lóhùn bí mo bá ti bá ìyá yìí ṣe tán."

"Ṣé ẹ mọ ẹni tó rán mi?"

"Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹ bá mi kí i. Ẹ sọ fún un pé ẹnì kan ló ṣíwájú yín dé."

Akọ̀wé náà bínú lọ, kò sì rà lọ́wọ́ wa mọ́. Inú bí Ìyá wa nígbà tó gbọ́, ó ní ìwà yìí ni yóò lé oníbàárà tán nídìí igbá. Èmi ní tèmi, mo rò pé bí wọ́n ṣe bí Bàbá nìyẹn. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Ìyá wa níbi tí a ti jọ ń fẹ́ àgbàdo. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó gbé atẹ kalẹ̀.

"Wọn kò bí i mọ́ ọn, Àbẹ̀kẹ́. Àgbà ló fi kọ́ ọ, ojú rẹ̀ sì rí màbo kó tó mọ̀ ọ́n."

Nígbà náà ló tó sọ ọ̀rọ̀ Pobẹ̀ fún mi.

Ìdílé oníṣòwò ni ìdílé Bàbá ní Sakété, mùsùlùmí ni wọ́n láti ìran wọn. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ó máa ń bá àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó ọjà lọ sí Àjàṣẹ́, olú ìlú Dàhòmì, ibẹ̀ ló ti gbọ́ èdè Faransé lẹ́nu àwọn òyìnbó tó ń rajà lọ́wọ́ wọn. Kò jókòó nílé ìwé rí. Nígbà tí wọ́n dá ilé iṣẹ́ epo pupa kan sílẹ̀ ní ìta Pobẹ̀, òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀ kò gbọ́ èdè wa, ó sì gbà á gẹ́gẹ́ bí ògbufọ̀. Wọ́n fún un ní yàrá méjì tí wọ́n fi páànù bò nínú ọgbà ilé iṣẹ́, àti àga kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọ̀gá. Láti orí àga yẹn ló ti ń wo gbogbo ọgbà.

Bí wọ́n ṣe to àwọn òṣìṣẹ́ nínú ọgbà yẹn, ọmọdé pàápàá á rí i. Àwọn ará Àjàṣẹ́ tó mọ̀wé díẹ̀ ló wà lábẹ́ òrùlé, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àgbá epo. Àwọn obìnrin jókòó sílẹ̀ nínú oòrùn, wọ́n ń ṣa èkùrọ́ kúrò nínú èèpo. Àwọn ọkùnrin Ọ̀họ̀rí, ọmọ Yorùbá àwọn abúlé ìtòsí Pobẹ̀, ni wọ́n fi sídìí ìkòkò ńlá tí ẹyìn ti ń hó. Bí olórí òṣìṣẹ́ bá ti rí ilà Ọ̀họ̀rí lójú ènìyàn, ìdí iná ló máa tọ́ka sí, kì í sì í gbà kí ẹlòmíràn pààrọ̀ wọn. Ilé ìwòsàn kékeré kan wà nínú ọgbà náà, ṣùgbọ́n bí nǹkan bá gé obìnrin lọ́wọ́ tàbí tí omi gbígbóná bá bó Ọ̀họ̀rí kan, wọ́n á ní kó lọ wá ewé nílé. Tí ikùn aboyún bá sì ti yọ, wọ́n á lé e. Kò tún ní padà síbẹ̀ mọ́ nìyẹn.

Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń lọ láàárín ọ̀gá àti àwọn ènìyàn yìí, ẹnu Bàbá ló ń gbà kọjá. Bàbá sì ń dín in kù.

Ní èdè Faransé, bíi tiwa, wọ́n ní ìwọ, wọ́n ní ẹ̀yin. Ọ̀gá òyìnbó náà máa ń pe arúgbó ní ìwọ. Bó bá ké pé, "Ìwọ ọ̀lẹ yìí, dìde," Bàbá á yíjú sí bàbá àgbàlagbà náà, á ní, "Ọ̀gá ní ẹ kú iṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ọwọ́ yá sí i." Bí àwọn Ọ̀họ̀rí bá ní iná ti ń jó àwọn lójú, pé kí wọ́n fi ẹlòmíràn pààrọ̀ àwọn, Bàbá á sọ fún ọ̀gá pé wọ́n ní iṣẹ́ ń lọ dáadáa. Ó gbà lọ́kàn rẹ̀ pé àlàáfíà ni òun ń ṣe. Ìyá wa ní òun náà gbà bẹ́ẹ̀, nítorí ilé páànù dára.

Àìná ni ẹni tó kọ́kọ́ fura. Ọmọ Ọ̀họ̀rí ni, ọ̀dọ́bìnrin tí ẹnu rẹ̀ mú díẹ̀, tó máa ń ṣa èkùrọ́ kíákíá. Oyún rẹ̀ àkọ́kọ́ ti yọ. Ó gbọ́ pé wọ́n fẹ́ lé òun, ó sì wá dúró níwájú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó rawọ́ ẹ̀bẹ̀ sí ọ̀gá nípasẹ̀ Bàbá: pé ọkọ òun ń ṣàìsàn, pé jíjókòó ni òun máa ń jókòó ṣiṣẹ́, pé oyún kò dí òun lọ́wọ́, pé kí ọ̀gá wo òkìtì èkùrọ́ tí òun ṣà lánàá, àti pé bí òun bá bímọ tán, kí ó jẹ́ kí òun padà síbi òun.

Bàbá yíjú sí ọ̀gá. Ohun tó sọ kò ju pé obìnrin yìí wá dágbére. Ọ̀gá mi orí, ó sì ń bá ohun tó ń ṣe lọ.

Àìná kò kúrò níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ èyí fún mi, nígbà tí ọmọ rẹ̀ ti dàgbà. Ó ní òun kò gbọ́ Faransé, ṣùgbọ́n òun ní etí. Ó wo Bàbá, ó ní:

"Bàbá, ọ̀rọ̀ mi gùn. Èyí tí ẹ sọ fún un kúrú. Níbo ni ìyókù wà?"

Àìná ká aṣọ rẹ̀, ó sì lọ sílé.

Ìyá wa ní ọjọ́ náà Bàbá kò fẹnu kan oúnjẹ. Òun bi í bóyá ara rẹ̀ kò yá. Ó ní ara òun yá. Ó wá sọ pé, "Ṣẹ̀fíyà, mo ti ń jí ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn yìí, mo sì ń pe ara mi ní onílàjà."

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni ìròyìn dé pé ìjọba ti ṣe òfin iṣẹ́ tuntun fún gbogbo ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso, àti pé ẹnì kan ń bọ̀ láti Àjàṣẹ́ láti wò bóyá àwọn ilé iṣẹ́ ń tẹ̀lé e. Àárọ̀ ọjọ́ tí aláyẹ̀wò yìí máa dé, ọ̀gá pe Bàbá.

"Sànúsí, ìwọ mọ bí a ti ń sọ̀rọ̀ níbí. Ohun tí o máa ń sọ ni kí o sọ."

Bàbá ní, "Mo gbọ́, ọ̀gá." Ó jáde. Ó gba ẹ̀yìn ọgbà lọ sí ilé Àìná, ó sì bá a níbi tó ti ń ro ọ̀gbìn lẹ́yìn ilé. Ó ní kó jọ̀ọ́, kó tẹ̀lé òun, pé ẹnì kan wà tó yẹ kó gbọ́ ìyókù ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àìná ní òun kọ́kọ́ kọ̀. Ó ní, "Ta ni yóò sọ ọ́ fún un?" Bàbá ní, "Èmi ni. Bí mo bá tún gé e kù, kí ìwọ náà ké lé mi lórí lójú gbogbo ayé."

Aláyẹ̀wò náà kì í ṣe àgbàlagbà, ooru sì ti mú un nínú ọkọ̀ ojú irin. Wọ́n gbé àga fún un lábẹ́ igi kan. Gbogbo òṣìṣẹ́ pé, Ìyá wa náà sì dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, ó ń wò. Ọkùnrin náà ṣàlàyé òfin ọ̀hún, Bàbá sì túmọ̀ rẹ̀ pé: iṣẹ́ kan náà, ìlò kan náà, a kò gbọdọ̀ wo ibi tí ènìyàn ti wá, a kò gbọdọ̀ wò ó pé ọkùnrin ni tàbí obìnrin, aboyún lè lọ bímọ, kí ó sì padà wá bá iṣẹ́ rẹ̀.

Aláyẹ̀wò béèrè ẹni tó ní ọ̀rọ̀. Àìná bọ́ síwájú, ó tún ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà sọ, láti orí àìsàn ọkọ rẹ̀ dé orí òkìtì èkùrọ́. Nígbà tó parí, Bàbá yíjú sí i, ó tún gbogbo rẹ̀ sọ fún un ní èdè wa, ó bi í pé, "Ṣé bí o ti wí i nìyẹn?" Àìná ní bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá wá sọ ọ́ ní Faransé, gígùn rẹ̀ àti kíkorò rẹ̀.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn Ọ̀họ̀rí bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti ìdí iná. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ògúndélé na apá rẹ̀ tí omi ẹyìn ti bó, awọ rẹ̀ ti fà pọ̀. Ọ̀gá òyìnbó rẹ́rìn-ín, ó fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu sọ fún àlejò rẹ̀ pé àwọn wọ̀nyí kì í mọ iná lára, pé bí ẹran inú igbó ni wọ́n rí.

Bàbá yíjú sí àwọn òṣìṣẹ́, ó sì túmọ̀ rẹ̀. Kò dín in kù.

Ọ̀gá yarí. "Ta ní kí o túmọ̀ ìyẹn?"

Bàbá ní, "Ọ̀gá, ẹ sọ ọ́, mo sì gbọ́. Iṣẹ́ tí ẹ gbà mí fún nìyẹn."

Aláyẹ̀wò yíjú sí Bàbá. Ó bi í ní Faransé pé, "Ìwọ ńkọ́? O ti pẹ́ níbí. Ǹjẹ́ o ti sọ àwọn ẹ̀sùn wọ̀nyí fún ọ̀gá rẹ rí bí wọ́n ṣe ń sọ wọ́n?"

Nínú gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀, òyìnbó méjì yẹn àti àwọn ará Àjàṣẹ́ tó mọ̀wé nìkan ló gbọ́ ìbéèrè yìí. Bàbá lè dáhùn wẹ́rẹ́, kí ó sì pa á mọ́. Ìyá wa ní òun rí i tó fi aṣọ nu ojú. Ó kọ́kọ́ túmọ̀ ìbéèrè náà fún àwọn ènìyàn: "Ó bi mí bóyá mo ti sọ ẹ̀sùn yín fún ọ̀gá rí bí ẹ ti sọ wọ́n." Lẹ́yìn náà ló dáhùn ní Faransé, ó sì tún ìdáhùn ara rẹ̀ túmọ̀ sí èdè wa:

"Mo ní rárá. Mo ní mo ń gé ọ̀rọ̀ yín kù, kí n má bàa pàdánù ilé páànù mi."

Àìná ní ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tó jókòó sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, òun kò sì mọ ẹni tó ń sunkún fún.

Nǹkan yí padà díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ṣí ilé ìwòsàn fún gbogbo òṣìṣẹ́. Wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ibòji fún àwọn obìnrin. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ ìdí iná láàárín Ọ̀họ̀rí àti àwọn mìíràn, àwọn ará Àjàṣẹ́ kan sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Àìná bí ọmọbìnrin, ó sì padà sídìí èkùrọ́ rẹ̀. Àwọn obìnrin tí wọ́n ti lé ṣáájú rẹ̀ kò rí àyè padà. Ọ̀rọ̀ wọn kò kúrò lẹ́nu Bàbá títí ó fi kú.

Ti Bàbá kò pẹ́. Ọ̀gá rí akọ̀wé kan tó gbọ́ èdè méjèèjì, ó ní òun kò nílò arúgbó mọ́. Wọ́n gba yàrá páànù lọ́wọ́ wọn, òun àti Ìyá wa kó ẹrù sínú ọkọ̀ ojú irin, wọ́n padà sí Sakété. Bó ṣe di oníṣòwò garí nìyẹn. Mo bi Ìyá wa bóyá ó bá a jà. Ó ní òun bá a jà gan-an, ó pẹ́ kí òun tó bá a sọ̀rọ̀ dáadáa. Ohun tó mú òun rọ̀ ni pé ọjọ́ tí wọ́n sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, Bàbá gbé ẹrù tó wúwo jù, ó ní, "Ṣẹ̀fíyà, láti òní lọ, ọ̀rọ̀ tèmi nìkan ni màá máa sọ. Ó fúyẹ́."

Kò ṣe ohun tó ṣe kí wọ́n lè yìn ín. Ó mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló dárí jì í. Ògúndélé, ẹni tó na apá bíbó níjọ́sí, máa ń wá sí ọjà Sakété lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bó bá dé iwájú igbá wa, á gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bàbá á kí i nígbàkúùgbà: "Ẹ kú ìrìn o." Kì í dáhùn. Inú bí mi lọ́jọ́ kan, mo ní kí Bàbá má kí i mọ́, ṣebí Bàbá ló gbà wọ́n sílẹ̀.

Bàbá fi ọwọ́ pa garí rẹ́ lórí igbá. "N kò gbà á sílẹ̀, Àbẹ̀kẹ́. Ọdún tí mo fi dákẹ́ ló bó o lápá. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kó má dáhùn, ẹ̀tọ́ tèmi ni kí n máa kí i."

Ikọ́ ló mú un lọ. Nígbà tí ara rẹ̀ ò le mọ́, ó ṣì ń tún ọ̀rọ̀ ènìyàn sọ, ohùn rẹ̀ ti di èémí lásán. Àfáà tó wá gbàdúrà fún un ní Ọlọ́run yóò fi ojú àánú wò ó. Bàbá ní, "Ẹ ní Ọlọ́run yóò fi ojú àánú wò mí. Ṣé bí Ó ti wí i nìyẹn?" Àfáà rẹ́rìn-ín, ó ní ìrètí ni. Bàbá ní, "Ìrètí náà dáa. Ṣùgbọ́n ẹ má fi kún un nítorí mi."

Ọjọ́ tí a sin ín, àgbàlá kún. Àwọn ará ilé àti àwọn oníṣòwò Sakété tò síwájú. Nígbà tí wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àdúrà, ẹgbẹ́ ènìyàn kan gba ẹnu ọ̀nà wọlé, erùpẹ̀ lẹ́sẹ̀ wọn. Àwọn Ọ̀họ̀rí ni, ọkùnrin àti obìnrin, wọ́n ti Pobẹ̀ wá. Àìná ló ṣáájú wọn, ọmọbìnrin rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ògúndélé kò sí nínú wọn. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń bá Àfáà ṣiṣẹ́ lọ pàdé wọn, ó fi pẹ̀lẹ́tù sọ fún wọn pé àwọn tí kì í ṣe mùsùlùmí, kí wọ́n jọ̀ọ́ dúró sí ẹ̀yìn ògiri.

Wọ́n ti ń yí padà nígbà tí ohùn Ìyá wa jáde láti inú yàrá tí àwa obìnrin jókòó sí.

"Àfáà, ẹ forí jì mí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró síbi tí wọ́n wà. Ọkọ mi bá àwọn òyìnbó yà wọ́n sọ́tọ̀ rí. Ó sọ fún mi pé, nínú gbogbo ohun tí òun ṣe láyé, èyí nìkan ni òun fẹ́ kí Ọlọ́run bá òun pa rẹ́."

Àfáà ní kí àwọn ènìyàn súnra kì. Àyè yọ. Àwọn àlejò Pobẹ̀ bọ́ sáàárín àwọn ará ilé, ó sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Àìná kò mọ ibi tó yẹ kí a ti ṣe àmín. Ẹnu àwọn tó yí i ká ló ń wò. Àmín tirẹ̀ ló gbẹ̀yìn, ó sì dá dún.